Òṣùwọ̀n Méjì: Ta Ló Ni Ara Tí À Ń Gbé Kiri?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí Ó dá wa, tí Ó sì ń bọ́ wa. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, inú mọ́sálááṣí ni a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá wọ mọ́sálááṣí àdúgbò wa ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, àga kan ṣoṣo ni a máa ń rí níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni wọ́n gbé e sílẹ̀ fún. Lónìí, bí a bá wọ mọ́sálááṣí kan náà, àga mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni a ó kà. Ogbó àti àìsàn ni ó gbé ọ̀pọ̀ débẹ̀, ẹ̀sìn wa sì ti ṣe é ní ìrọ̀rùn fún wọn. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tí wọn kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí orúnkún wọn kò lè gbé ìwúwo ara wọn dé ilẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn jókòó tì wá lẹ́yìn ìrun lọ́jọ́ kan, ó ní ó ti di ọdún méjì tí iwájú orí òun ti fi kan ilẹ̀ fún Ọlọ́hun gbẹ̀yìn. Bí ó ti ń sọ ọ́, omi lé ròrò sí i lójú.

Ọ̀rọ̀ arákùnrin yìí kò jẹ́ kí á sùn lóru ọjọ́ náà. A bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wa léèrè: ṣé ọ̀rọ̀ dókítà nìkan ni ọ̀rọ̀ sísanra jù, àbí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìwà náà ni? Bí ènìyàn bá fi oúnjẹ ba ara rẹ̀ jẹ́, ṣé ara rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ̀, tàbí ó ti jẹ gbèsè ẹlòmíràn?

ÌYÌN TÍ Ó Ń PANI

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ara wa. Láàárín àwa Yorùbá, bí ẹni tí a ti rí tipẹ́ bá rù, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé kò sí nǹkan?” Bí ó bá sanra, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ní, “Ẹ̀yin náà ti ń jayé! Ọlọ́hun ń ṣe é fún yín.” Bí ọkùnrin bá gbé ìyàwó, tí ìyàwó náà kò sì sanra láàárín ọdún kan, àwọn ará ilé ìyàwó á máa wo ọkọ bí ẹni tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí ọkọ kò bá sì yọ ikùn, wọ́n á ní ìyàwó kò mọ oúnjẹ sè. Ikùn ńlá ti di ara ẹ̀wù àgbàdá. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé àgbàdá kò lè wuyì lára ẹni tí kò bá ní ikùn.

A kò dá àwọn baba wa lẹ́bi. Wọ́n la ayé ogun àti ìyàn kọjá. Ní ìgbà tiwọn, ẹni tí ó sanra ni ẹni tí ebi kò pa, ẹni tí ó sì rù ni ẹni tí àìsàn ń bá fínra. Nígbà tí àrùn éèdì gbòde ní àwọn ọdún 1990, ìbẹ̀rù yìí tún pọ̀ sí i: ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rù, kí aráyé má baà máa fura sí i. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Mauritania, ilẹ̀ Mùsùlùmí tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, àṣà kan wà láti ìgbà pípẹ́ tí wọ́n fi ń fi agídí rọ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní wàrà àti oúnjẹ, kí wọ́n lè sanra kíákíá, kí wọ́n sì tètè rí ọkọ. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tán nílẹ̀.

Ìyìn ni a pe gbogbo èyí, ìfẹ́ ni a sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ayé bá yí padà, tí ìyìn kò yí padà, ìyìn náà á di májèlé. Àwọn baba wa jẹ iyán, wọ́n sì rìn lọ sí oko kí wọ́n tó rìn padà. Àwa jẹ iyán, a wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a jókòó di alẹ́, a tún wọ ọkọ̀ padà wálé láti tún jẹun. Oúnjẹ kò yàtọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó ń jó o dànù ni kò sí mọ́.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍṢÈGÙN FI HÀN WÁ

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wúwo ju bí ó ti yẹ lọ ní ayé tó bílíọ̀nù 2.5, àwọn tí tiwọn sì ti kọjá ààlà nínú wọn tó mílíọ̀nù 890. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ gun òṣùwọ̀n. Ẹ fi gíga yín ní mítà pín iye kílò yín, kí ẹ tún fi gíga kan náà pín ohun tí ó bá jáde. Bí ó bá tó 25, ara ti wúwo jù. Bí ó bá tó 30, ó ti di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹni tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.70, kílò 72 ni kí ó máa ṣọ́. Bí ó bá ti wọ 87, ó ti kọjá ààlà. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n, kí ó wá teèpù aránṣọ, kí ó fi wọn ìbàdí rẹ̀ ní ọ̀gangan ìdodo. Kò yẹ kí ó ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ.

Kí ni ọ̀rá náà ń ṣe nínú ara? Ohun kan wà tí ara ń ṣe tí wọ́n ń pè ní ínsúlìn. Òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, pàápàá ní ikùn, ilẹ̀kùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí le. Ṣúgà á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ṣe ń wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ọpọlọ á wà nínú ewu rọpárọsẹ̀. Orúnkún á máa jẹ, oríṣi àrùn jẹjẹrẹ kan sì wà tí ó máa ń tọ sísanra jù lẹ́yìn. Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kò ní ariwo. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ènìyàn lè máa gbé e kiri fún ọdún mẹ́wàá, kí ó máa jó ní òde, kí wọ́n máa yìn ín pé ara rẹ̀ ń dán. Àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Àwọn ènìyàn 3,234 tí wọ́n sanra jù, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ, ni ó kópa nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan lára wọn dín jíjẹ kù títí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wọn yóò fi lọ, kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù fún àwọn wọ̀nyí. Àwọn tí wọ́n fún ní oògùn, ìdá 31 ni tiwọn fi dín kù. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí ó wọn kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ni ìdá méje rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó di igi ìgbálẹ̀.

TA LÓ NI ARA?

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ni pé, “Ara mi ni, ẹnu mi ni, owó mi sì ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni nínú wa tí ó fowó ra ojú méjèèjì tí ó fi ń ríran? Ta ni ó gba ọkàn rẹ̀ síṣẹ́, tí ó fi ń lù tọ̀sán-tòru láìgba owó oṣù? Ohun tí ènìyàn kò rà, tí kò ṣe, tí wọn yóò sì gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè, báwo ni yóò ṣe jẹ́ tirẹ̀? Àmánà ni. Ẹni tí a gbé àmánà fún kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó bí ó ti wù ú. Títọ́jú ni yóò tọ́jú rẹ̀ títí olóhun yóò fi béèrè rẹ̀.

Ẹ rántí Abu Dardā, sàábé Ànábì, tí ó ń gba ààwẹ̀ ní ọ̀sán, tí ó ń fi gbogbo òru kírun, títí ìyàwó rẹ̀ fi di ẹni tí a pa tì. Salmān ará Persia ni ó dá a dúró, tí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ náà sì ní tiwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a), ó ní òótọ́ ni Salmān sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ìjọsìn ni Abu Dardā ń ṣe o! Bí àṣejù nínú ìjọsìn bá lè jẹ ara ní ẹ̀tọ́, kí ni a ó wá sọ nípa àṣejù nínú àmàlà?

A mọ bàbá kan tí ó ń ta aṣọ. Ọlọ́wọ́ títẹ́ ni, kì í jẹun láìpe ẹlòmíràn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń tọ́jú owó Háájì fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà kìlọ̀ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kí ó dín oúnjẹ alẹ́ kù, kí ó sì máa rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni ó dáhùn pé ara òun ni. Ó pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, rọpárọsẹ̀ gbé e ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù. Owó Háájì di owó ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí, tí ó ti gba ìwé pé kí ó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, padà sílé láti máa gbé bàbá rẹ̀ dìde, láti máa wẹ̀ ẹ́, láti máa yí i padà lórí ibùsùn. Nígbà tí a lọ kí i, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohun tí ó sọ. Ó ní, “Mo ń sọ pé ara mi ni. Àṣé ọjọ́ ọ̀la ọmọ mi ni mo ń jẹ.”

Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí yóò tún lè sọ pé ọ̀rọ̀ ikùn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ní ti ara yìí, kì í ṣe àgbà náà ni ó ń ru igbá. Àwọn ọmọ ni.

ṢÉ KÁDÀRÁ KỌ́?

Àwọn kan á ní, “Bí ikú bá dé, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́. Ohun tí Ọlọ́hun bá kọ ni yóò ṣẹ.” Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí Sayyidinā Umar ṣe lóye rẹ̀. Ní ọdún 18 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 639, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù, ó sì gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì tí Umar fún un ni pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ti ń sá lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun.

Èyí já sí pé oúnjẹ tí a jẹ, kádàrá ni. Oúnjẹ tí a fi sílẹ̀, kádàrá náà ni. Ìdájọ́ wa wà lórí èyí tí a fi ọwọ́ ara wa yàn nínú méjèèjì. Ẹni tí kò bá dá ọwọ́ dúró nínú àwo, tí ó wá ń di ẹ̀bi ru kádàrá, irọ́ ni ó ń pa mọ́ Ọlọ́hun.

ẸNI TÍ Ó SANRA KÌ Í ṢE ẸLẸ́ṢẸ̀

Níbi tí a dé yìí, a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ara wa. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti ń wo ìyá oníyàá tí ó sanra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ pé bí ìdílé wọn ti rí nìyẹn. Àìsàn kan wà tí ó máa ń sọni di sísanra, oògùn kan sì wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó sanra lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sí àyè fún wọn láti tọ́jú ara wọn nítorí pé àwa ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹlòmíràn, ẹ̀bà ńlá àti ọbẹ̀ díẹ̀ ni apá rẹ̀ ká. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ti wọ́n jù fún un. Ọlọ́hun sì ti kọ̀ fún wa nínú Sūratul-Hujurāt pé kí àwọn kan má ṣe fi àwọn mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè dára ju ẹni tí ó ń ṣe é lọ.

Ẹ wo bí Ànábì wa (ìkẹ́ Ọlọ́hun kó máa bá a) ti ṣe. Ó bá ìyá wa Āishah sáré ìje lójú ọ̀nà ìrìn-àjò, ìyá wa sì yára jù ú. Nígbà tí ó pẹ́, tí Āishah ti sanra, wọ́n tún sáré, Ànábì sì gbégbá orókè. Ó fi ṣàwàdà pé àwọn ti di ọ̀mì báyìí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ṣàkíyèsí: kò bú u, kò fi í wé obìnrin mìíràn. Ó pè é kí àwọn jọ sáré ni. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ bá ń bú nítorí ara rẹ̀ á lọ jẹun ní kọ̀rọ̀; èyí tí ọkọ rẹ̀ bá bá rìn jáde ní ìrọ̀lẹ́, ìlera ni ó ń jẹ.

Ọ̀nà kejì tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbà ṣìnà. Wọ́n rí àwòrán àwọn pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí fóònù, wọ́n wá ń febi pa ara wọn, wọ́n ń mu tíì ayaniníkùn, wọ́n ń ra oògùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń febi ba àmánà jẹ́ àti ẹni tí ó ń fi àjẹjù bà á jẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àárín gbùngbùn ni ọ̀nà wa.

ÀWO, ẸSẸ̀ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ

Kí ni kí á wá ṣe? Nínú Sūratul-A'rāf, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún wa láti jẹ àti láti mu, Ó sì kọ àṣejù fún wa. Òjíṣẹ́ Rẹ̀ náà kọ́ wa pé bí ènìyàn bá máa jẹun dé òpin, kí ó pín ikùn sí ọ̀nà mẹ́ta: oúnjẹ, omi, àti èémí. Òṣùwọ̀n tí kò gbówó lórí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bà tàbí iyán kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹ̀wà máa wọlé dáadáa. Ẹ dín òróró kù, nítorí gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù sítáàṣì kan ní 4 péré. Ẹ fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Igo tí ó gba sẹntilítà 50 lè ní ṣúgà gíráàmù 50 nínú, èyí tí ó tó bíi ṣíbí kékeré méjìlá. Ta ni nínú wa tí yóò bu ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú ife kan fún ọmọ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ Rọ́mọ́dáànù náà. Oṣù tí a fi ń kọ́ ikùn ní ìjánu ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń sanra nínú rẹ̀. A ó ṣínu pẹ̀lú àkàrà, ẹ̀kọ, ẹran díndín, ìrẹsì àti ẹlẹ́rìndòdò, bí ẹni tí ó ń gbẹ̀san lára ọ̀sán. Ẹni tí ó bá fi dàbínù àti omi ṣínu, tí ó kírun Màgáríbà, tí ó wá padà jẹun níwọ̀nba, kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó rí dókítà rẹ̀ kí oṣù náà tó dé.

Níbi ìsọmọlórúkọ, wòlímọ̀ àti nìkáà wa, ẹ jẹ́ kí á dẹ́kun fífi agídí bu oúnjẹ kún àwo ẹni tí ó ti yó. Àpọ́nlé kọ́. Oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́ kù, aládùúgbò tí ebi ń pa ni ó ni ín. Kì í ṣe ìwà onígbàgbọ́ kí ó yó dé ọ̀fun, kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sùn lébi.

Ní ti ìrìn, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń sọ, mọ́sálááṣí nìkan ti tó o. Bí ó bá jìnnà sílé yín ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjọ́ márùn-ún pé e géérégé, bí ẹ bá sáà rìn kánmọ́kánmọ́. Ìṣísẹ̀ tí a sì fi ń gba ẹ̀san ni ẹ tún fi gba ìlera.

Ẹ̀yin òbí, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a ń fi bisikíìtì rẹ̀ lẹ́kún ní gbogbo ìgbà, tí a kì í jẹ́ kí ó sáré jáde, ẹrù ni a ń dì fún un tí kò mọ̀.

ÒṢÙWỌ̀N KEJÌ

Ẹ̀yin yóò fẹ́ mọ bí arákùnrin tí ó ń jókòó lórí àga ti ṣe. Ó wọn kílò 118 nígbà tí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ dín oúnjẹ alẹ́ gbogbo ilé kù, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kí ó má baà dà bí ìjìyà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbà á ní oṣù mẹ́rìnlá kí ó tó di kílò 104. Kò di pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ṣì ń lo àga nígbà tí ìrun bá gùn. Ṣùgbọ́n ní ìrun Súbúù ọjọ́ kan, ó ti àga sí ẹ̀gbẹ́, ó sì forí kanlẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e sókè. Àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ bí ó ti ń sunkún.

Ẹ̀yin ará, òṣùwọ̀n méjì ni ó ń dúró de olúkúlùkù wa. Ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn, èkejì wà ní Ọjọ́ Ìdájọ́. Nígbà tí àwọn sàábé rẹ́rìn-ín nítorí ojúgun Abdullāh bin Mas'ūd tí ó tínrín, Ànábì sọ fún wọn pé ojúgun náà yóò wúwo ju òkè Uhud lọ lórí òṣùwọ̀n Ọlọ́hun. Òun kan náà ni ó sọ fún wa pé ọkùnrin kìpọ̀n-ọ́n kan yóò wá lọ́jọ́ náà, tí kò ní tó ìyẹ́ ẹ̀fọn ní ìwúwo. Ara kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ara ni a fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Orúnkún ni a fi ń kírun, ẹsẹ̀ ni a fi ń yí Káábà ká, apá ni a fi ń gbé ọmọ àti arúgbó. Ẹni tí ó bá tọ́jú ara rẹ̀ fún òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ń wá irinṣẹ́ fún èkejì ni.

Ní alẹ́ òní, nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè: ta ló ni ara tí mo fẹ́ fi èyí sí?

Kí Ọlọ́hun fi ìlera jíǹkí wa, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó má sọ àmánà Rẹ̀ di ẹlẹ́rìí takò wá. Āmīn.